Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Lórí Àpáta Abúkẹ́

Fọ́tò kan bọ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ẹtì:
Adéwọ́yin ọmọ mi, nínú òjò, lórí òkè kan ní Rùwáńdà,
ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún.
Lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ewé, ìnàkí ńlá kan jókòó,
ó ká apá mọ́ra bí àna tí wọn ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún.

"Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa, Màámi."
Mo bi í ní iye tó san. Ó dárúkọ owó náà.
Mo ní kó tún un pè.

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn.
Kì í ṣe tìtorí owó. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́nà ọ̀fun:
ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń gbé abẹ́ òkúta l'Ábẹ́òkúta,
mo sá aṣọ sórí òkúta, mo sá láfún sórí òkúta,
òkúta ló ya ògiri ilé ìdáná wa sí méjì,
mi ò sì gun ọ̀kan rí kọjá ibi tí okùn aṣọ mọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá Ṣówándé lọ sí Ìkìjà.
Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀. Ó ti ta ìbọn rẹ̀,
ó fi owó rẹ̀ ra bàtà rọ́bà
àti awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra.
Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ikùn mi, ó mí kanlẹ̀.
"Aago márùn-ún ìdájí. Ẹ má fín lọ́fínńdà.
Ẹ má wọ pupa. Tí ẹ bá rí wọn, ẹ má tẹjú mọ́ wọn;
ojú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ́dọ̀ tiwọn."

Òkùnkùn ṣì wà. Òkúta tutù bí ikùn ìkòkò omi.
Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fi gùn ún, àní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
torí ẹsẹ̀ mi ti di ọwọ́ kí n tó dé ìdajì.
Èémí mi ń ké bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.
Ṣówándé ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn,
ó kàn ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀,"
irọ́ tó pa nígbà mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn: dúró.

Igi ọdán kan fi gbòǹgbò di òkúta mú,
ewé rẹ̀ ń mì níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí.
Ọ̀kan. Mẹ́ta. Mi ò lè kà wọ́n mọ́.
Àáyá! Ìrù wọn rọ̀ bí okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì,
wọ́n ń já èso, wọ́n ń gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́ nù,
bí ọmọ olówó.
Ìyá kan jókòó sí ẹ̀ka tó sún mọ́ mi jù.
Ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn nígbàáyà, kò nílò ọ̀já.
Ó ń tú irun orí ọmọ náà, ó ń wá iná,
ọmọ ń janpata, ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí: jókòó jẹ́ẹ́.

Àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n.
Òun ni mo fi mú orí Adéwọ́yin lọ́jọ́ tí mo fá a
kó tó wọ iléèwé.
Mo gbàgbé òfin. Mo wò ó lójú.
Òun náà wò mí,
kò bínú, kò yẹjú,
ó wò mí bí ìyálé ṣe ń wo ìyàwó tó pẹ́ lódò.
Fóònù wà lápò mi. Ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀.

Oòrùn yọ, ó kan páànù pípọ́n gbogbo ìlú lábẹ́ wa.
Mo rí ilé mi, ó kéré bí páálí ìṣáná,
aṣọ tí mo gbàgbé sórí okùn ń fì.
Nígbà tí mo yíjú padà, igi ti ṣófo.
Ṣówándé ní, "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá." Àṣé ó ń wo aago.

Ti ìsọ̀kalẹ̀, ẹ má bi mí.
Ìdí ni mo fi wọ́ bọ̀ wálẹ̀, ìró mi ya,
ọmọdé méjì tó ń lọ pọnmi rí mi, wọ́n sá.
Adéwọ́yin pè lálẹ́: "Màámi, kí lẹ ṣe lónìí?"
Mo ní mo lọ kí ẹbí wa kan lókè.
"Èwo nínú wọn?"
Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi òrí pa orúnkún.